Ọmọ ìyá ni ìgbì rédíò, ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ìtànṣán X-ray, ṣùgbọ́n agbára wọn kò dọ́gba

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ kọjá lóde òní yóò ṣàkíyèsí pé ohun tó ga jù lọ ní ọ̀pọ̀ ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àfijìó kì í ṣe igi ìrókò tàbí ilé alájà mọ́. Òpó fóònù ni. Láti Fìdítì, níbi tí àwọn ìyálọ́jà ti máa ń pàtẹ ọsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, dé Jọ́bẹ̀lẹ̀ tó jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, títí kan Ìlọrà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Ọ̀yọ́, irin gìrìwò náà ni ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé lókè. Bí àwọn èèyàn ṣe ń dúpẹ́ pé òpó yìí ló jẹ́ kí wọ́n máa gbóhùn ọmọ wọn láti Èkó àti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn ọ̀pọ̀ wọn kò balẹ̀ sí i.

Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú kò ju ìbéèrè méjì lọ. Èkíní ni pé ṣé ohun tó ń jáde lára òpó náà kò lè fa àrùn jẹjẹrẹ sí ẹni tí ilé rẹ̀ wà nítòsí? Èkejì ni pé ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò egungun nílé ìwòsàn, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń sá fún sẹ́yìn ògiri bí wọ́n bá ti tẹ ẹ̀rọ rẹ̀? Lọ́dún 2020 tí àrùn Kòrónà gbayé kan, ìbẹ̀rù yìí tún le sí i nígbà tí àwọn kan ń gbé e kiri pé 5G ló ń fa àrùn náà. Ní àsìkò yẹn, kò tíì sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ń ta 5G fún aráàlú ní Nàìjíríà. Oṣù kejìlá, ọdún 2021, ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta àyè rẹ̀ ní gbàǹjo, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, sì ni MTN tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àwọn oníbàárà. Àrùn ti dé, ó ti pa èèyàn, kí ohun tí wọ́n ní ó fà á tó dé.

Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì kò ṣòro, àmọ́ ó gba pé kí èèyàn kọ́kọ́ mọ ìdílé tí àwọn nǹkan wọ̀nyí ti jáde. Ìdílé kan ṣoṣo ni. Ohun tó ń gbé ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá sínú rédíò, ooru tó ń jáde lára ààrò tí wọ́n fi ń yan gàrí, ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran, ìtànṣán oòrùn tó ń bó àwọ̀ ara, X-ray ilé ìwòsàn àti èyí tí àwọn dókítà fi ń jó jẹjẹrẹ dànù, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ìgbì ni wọ́n, èyí tí agbára iná mànàmáná àti agbára òòfà pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀, ìdí sì nìyí tí a fi lè pè wọ́n ní ìgbì iná-òun-òòfà. James Clerk Maxwell, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló fi ìṣirò fi wọ́n hàn lọ́dún 1865. Heinrich Hertz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló sì fi ẹ̀rọ ṣe wọ́n jáde láàárín ọdún 1887 sí 1888, tí gbogbo ayé fi gbà pé òótọ́ ni. Orúkọ Hertz yìí náà ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníròyìn rédíò bí wọ́n bá ń dárúkọ ibi tí iléeṣẹ́ wọn wà.

Bí ọmọdé bá sọ òkúta sínú odò, omi yóò máa ru sókè, yóò máa lọ sílẹ̀, yóò sì máa tàn ká. Bí a bá wọn orí ìgbì kan dé orí èyí tó tẹ̀ lé e, ohun tí a wọ̀n yẹn ni gígùn ìgbì. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìyá yìí náà ṣe rí nìyẹn. Gígùn ìgbì nìkan ló ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, nítorí ní ti eré sísá, ìṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Kìlómítà bí 300,000 ni gbogbo wọn ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní òfuurufú. Ìmọ́lẹ̀ tó kúrò lára oòrùn ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó dé ilé ayé, ìgbì rédíò tó kúrò ní Ìbàdàn kò sì lo tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé Ìlọrà.

Ẹ fojú inú wo bàbá gíga kan tó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kékeré mú, tí wọ́n jọ ń rìn lọ sí ọjà. Wọ́n jọ ń lọ ni, kò sí ẹni tó fi ẹnìkejì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá gbé ẹsẹ̀ kan, ọmọ yóò ti gbé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìgbì tó gùn dà bí ìṣísẹ̀ bàbá, kì í pọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì kúkúrú dà bíi ti ọmọ, kìtàkìtà ló ń lọ. Iye ìṣísẹ̀ tí ìgbì gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń fi hẹ́ẹ̀tì kà, mílíọ̀nù kan rẹ̀ sì ni mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ gígùn ìgbì iléeṣẹ́ rédíò tó fẹ́ràn lè ṣe é fúnra rẹ̀: kó fi iye mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ náà pín 300, iye mítà ni yóò rí. Splash FM tó wà lórí 105.5 n'Ìbàdàn, ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 2.8. Premier FM tó wà lórí 93.5, tirẹ̀ jẹ́ mítà 3.2.

Àwọn ìgbì rédíò yìí ló gùn jù nínú ìdílé náà. Rédíò Ọ̀yọ́ tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mọ̀ sí orí 756 ní AM, mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kò pé ẹyọ kan, 0.756 péré ni. Gígùn ìgbì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 mítà, bí ìgbà tí èèyàn bá to pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin ní oróòró. Ìgbì tó gùn báyìí máa ń rá palẹ̀ tẹ̀ lé ilẹ̀, òkè kékeré kì í dí i lọ́nà. Bó bá sì di òru, yóò máa lọ kọlu apá òkè òfuurufú, yóò sì máa ta padà wálẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa fi máa ń gbọ́ iléeṣẹ́ tó jìnnà réré lórí rédíò wọn bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí wọn kò ní í gbọ́ ọ mọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ti FM kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì rẹ̀ kúrú, ọ̀nà tààrà ló ń tọ̀, òkè sì lè dí i. Ohun tó fà á nìyẹn tí iléeṣẹ́ FM kan yóò fi máa dún ketekete ní Fìdítì, tí yóò sì máa ṣe ṣààṣà ní abúlé tó wà ní kòtò.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà náà dá tẹlifíṣàn WNTV sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, irú ìgbì rédíò yìí náà ni wọ́n fi ń gbé àwòrán. Èríà onírin tó dà bí egungun ẹja, tí àwọn èèyàn máa ń so mọ́ ọparun gíga, tí wọ́n sì máa ń kọjú rẹ̀ sí Ìbàdàn, kò ṣàdédé gùn bó ṣe gùn. Irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìdajì gígùn ìgbì tó fẹ́ gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní í gbà á dáadáa.

Ìgbì fóònù ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM wọ Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ, ọdún 2001, orí 900 àti 1,800 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi í sí. Ìgbì ti 900 gùn tó sẹ̀ǹtímítà 33, ó fi díẹ̀ ju rúlà àwọn ọmọ iléèwé lọ, ti 1,800 sì jẹ́ ìdajì rẹ̀. Èyí tí wọ́n ta fún 5G lọ́dún 2021 wà ní agbègbè 3,500, gígùn tirẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 8.6 lọ. Ẹ̀rọ máíkírówéfù tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná wà láàárín wọn, lórí 2,450, pẹ̀lú gígùn sẹ̀ǹtímítà 12. Ibi tí ẹ̀rù ti ń ba àwọn èèyàn gan-an nìyí, nítorí wọ́n ní bí ìgbì bá lè se ẹran, kí ni kò ní í ṣe sí ara ọmọ èèyàn? A óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Bí gígùn ìgbì bá ti wálẹ̀ kọjá mìlímítà kan, ọ̀rọ̀ di ti ooru. William Herschel ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ lọ́dún 1800. Ó fi dígí pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ òṣùmàrè, ó gbé tèmómítà sí ẹ̀yìn àwọ̀ pupa níbi tí ojú kò ti rí ohunkóhun, ó sì rí i pé ibẹ̀ gbóná. Infrared ni wọ́n ń pe èyí. Òun ni ìyá tó ń yan gàrí ń fi ojú àti àyà gbà bó bá jókòó ti ààrò, kódà bí kò fọwọ́ kan agbada. Gbogbo ohun tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń tú u jáde, títí kan ara èèyàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kọ sí iwájú orí èèyàn lẹ́nu ọ̀nà báńkì àti ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò Kòrónà, tí àwọn kan ní ó ń pa ọpọlọ, kò tú ooru kankan sínú orí ẹnikẹ́ni. Ńṣe ló ń gba èyí tí orí fúnra rẹ̀ ń tú jáde, tó sì ń kà á. Rìmóòtù tẹlifíṣàn pàápàá, ìgbì yìí ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó kọjú rìmóòtù sí kámẹ́rà fóònù, kó tẹ̀ ẹ́. Ojú lásán kò ní í rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ fóònù, iná kékeré yóò máa ṣẹ́jú níbẹ̀.

Ìgbì tí Elédùmarè fún ojú wa láǹfààní láti rí kò pọ̀ rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 700 nánómítà tó jẹ́ pupa, wọ́n gba àwọ̀ ọsàn, ìyeyè, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró kọjá, wọ́n sì parí sí àwọ̀ àlùkò ní nǹkan bí 400. Nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà. Bí a bá to ìgbì ìmọ́lẹ̀ bí ọgọ́rùn-ún kan jọ, wọn kò ju fífẹ̀ fọ́nrán irun orí kan lọ. Gbogbo ohun tí a ti rí rí láyé, inú àlàfo tóóró yìí ló gbà wọlé. Àwọn àgbà ló sọ pé ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àwọn àgbẹ̀ Àfijìó ní tiwọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ewé ọsàn máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa àti àwọ̀ aró jẹ bí oúnjẹ, á sì dá apá kan nínú àwọ̀ ewé padà, ohun tó mú wa rí i bó ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dá padà jù lọ ni infrared tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa, tí ojú kò rí. Bí àrùn tàbí ọ̀gbẹlẹ̀ bá kọlu igi, ìwọ̀n tó ń dá padà yóò yí. NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí òfuurufú lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003, irú ìgbì mẹ́ta ni wọ́n ṣe ojú rẹ̀ láti máa rí: àwọ̀ ewé, pupa àti infrared yìí. Ohun tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé láti òkè réré ni wọn yóò ti lè mọ oko tó ń ṣe dáadáa yàtọ̀ sí èyí tó ti ń kú lọ. NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 2011.

Bí a bá kọjá àwọ̀ àlùkò, a ti dé ibi tí ewu wà. Johann Ritter ló rí apá yìí lọ́dún 1801, ultraviolet ni wọ́n ń pè é, gígùn rẹ̀ sì wà láàárín 400 sí 10 nánómítà. Inú oòrùn ló ti ń wá sọ́dọ̀ wa, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe fítámì D. Àmọ́ òun náà ló ń bó àwọ̀ ara, tó ń ba ojú jẹ́, tó sì ń fa jẹjẹrẹ awọ ara. Àwọ̀ dúdú tí Ọlọ́run fún wa jẹ́ apata sí i. Àwọn àfín kò ní apata yìí, ìdí sì nìyẹn tí oòrùn ọ̀sán fi jẹ́ ọ̀tá wọn. Kì í ṣe oòrùn nìkan ni ó ń tú u jáde. Iná tó ń bù yẹ̀rì lẹ́nu irin àwọn jórinjórin kún fún un. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn lè má mọ nǹkan kan lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá di wákàtí díẹ̀ sí i, ojú rẹ̀ yóò máa ro ó bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i.

Lẹ́yìn èyí ni X-ray tí Wilhelm Röntgen rí ní Jámánì lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá, ọdún 1895. Gígùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nánómítà mẹ́wàá wálẹ̀. Ó máa ń gba inú ẹran ara kọjá, egungun sì máa ń dá a dúró, bí wọ́n ṣe ń rí fọ́tò egungun nìyẹn. Èyí tó kúrú jù lọ ni ìtànṣán gámà. UCH Ìbàdàn wà lára ìwọ̀nba ilé ìwòsàn ìjọba tó ti ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ láti ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rọ tó ń lo kóbọ́ọ̀tì 60, tí ìtànṣán gámà ń jáde lára rẹ̀, ni wọ́n sì lò níbẹ̀.

Wàyí o, kí ló dé tí X-ray fi lè ṣe ara ní jàǹbá, tí ti fóònù kò sì rí bẹ́ẹ̀? Ìgbì wọ̀nyí kì í wọlé sínú nǹkan bí omi tó ń ṣàn, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń já lé e. Bí ìgbì bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe fúyẹ́ tó. Bó bá ṣe kúrú tó ni ẹyọ rẹ̀ ṣe wúwo tó. Albert Einstein ló ṣàlàyé èyí lọ́dún 1905. Ará Fìdítì tó mọ̀ nípa ọsàn jíjá yóò tètè lóye rẹ̀. Bí èèyàn bá ń sọ òwú lu ọsàn lórí igi láti àárọ̀ di alẹ́, kódà kó sọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún òwú, ọsàn kan kò ní í já. Ṣùgbọ́n òkò kan ṣoṣo tó bá bà á yóò já a bọ́. Òwú ni ìgbì rédíò àti ti fóònù. Òkò ni X-ray àti gámà, láti inú ultraviolet sì ni òkò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí òkò wọ̀nyí ń já bọ́ ni nǹkan tó so ara wa pọ̀ nínú lọ́hùn-ún, bó bá sì já bẹ́ẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Ìgbì 5G tí wọ́n ń pariwo, bó ṣe kúrú tó yẹn, ó ṣì gùn ju ìgbì iná àtùpà tí à ń tàn lálẹ́ lọ ní ìlọ́po tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Ohun tí òwú lè ṣe ni pé bó bá pọ̀ rẹpẹtẹ níbi kan, ó lè mú ibẹ̀ gbóná. Bí máíkírówéfù ṣe ń se ẹran nìyẹn: agbára tó tó 700 sí 1,000 wáàtì ni wọ́n sé mọ́ inú àpótí irin kékeré kan. Ti òpó fóònù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí gbangba ló ń tan tirẹ̀ ká sí, bí èèyàn bá sì jìnnà sí i ní ìlọ́po mẹ́wàá, ohun tó ń bá a yóò dín kù sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Òṣùwọ̀n tí àjọ àgbáyé ICNIRP là kalẹ̀ fún ìgbì 900 ni pé kó má ṣe ju wáàtì 4.5 lọ lórí mítà kan níbùú lóòró. Oòrùn ọ̀sán gangan ń da nǹkan bí 1,000 wáàtì lé irú àyè bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé lọ́dún 2011, ẹ̀ka tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé fi ìgbì rédíò sínú àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, nítorí pé ẹ̀rí kò tíì tó nígbà náà. Ọ̀wọ́ kan náà ni wọ́n fi omi inú odidi ewé aloe vera sí. Lọ́dún 2024, àyẹ̀wò tí àjọ ìlera náà ní kí àwọn onímọ̀ ṣe, èyí tó kó ìwádìí 63 jọ, kò rí i pé lílo fóònù ń fa jẹjẹrẹ ọpọlọ. Àmọ́ ní ti oòrùn, X-ray, gámà àti ultraviolet tó ń jáde lẹ́nu iná jórinjórin, ẹ̀ka yìí kan náà ti kéde pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ, kò sí tàbí ṣùgbọ́n níbẹ̀. Ohun kejì tí wọ́n tún kéde lọ́nà bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2012 ni èéfín ẹ̀rọ tó ń lo dísù.

Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n bá ri òpó mọ́ ilé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fẹjọ́ sùn, àmọ́ kó mọ ohun tí yóò pe ẹjọ́ lé lórí. Jẹnẹrétọ̀ tó ń tú èéfín sí yàrá tọ̀sán-tòru, ariwo rẹ̀ tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn, àti irin tó lè wó lulẹ̀ bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni gbogbo wọn, àjọ NCC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ló sì yẹ kó gbọ́ ọ. X-ray àti gámà, àjọ NNRA ló ń mójú tó wọn ní tiwọn. Aláboyún tí wọ́n bá ní kó lọ ya X-ray gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà pé oyún wà nínú òun. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sá fún X-ray tí dókítà bá ní ó pọn dandan, nítorí ìwọ̀nba rẹ̀ ni wọ́n ń lò.

Ohun tó ń ṣeni láàánú ni pé àwọn òbí tó ń fi òpó fóònù sùn, tí wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ni yóò tún jẹ́ kí ọmọ náà dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù jórinjórin, kó máa fi iná rẹ̀ ṣe ìran wò. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ náà yóò máa fi dígí ojú oòrùn lásán jó irin, ọ̀gá rẹ̀ kò sì ní í rí nǹkan kan sọ sí i. Àfín tó jẹ́ ọmọ iléèwé yóò máa tò lórí pápá nínú oòrùn láìsí fìlà, láìsí aṣọ alápá gígùn. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là á jẹ ẹ̀pà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là á jẹ imumu. Kí jórinjórin gbé ìbòjú rẹ̀ wọ̀, kí ìyá lé ọmọ kúrò níbi iná tó ń bù yẹ̀rì, kí olùkọ́ fún ọmọ àfín láàyè lábẹ́ igi. Ìwọ̀nyí ni yóò gba ojú àti ara là ní Fìdítì àti Ìlọrà, ju kí wọ́n wó òpó lọ.